Bí a ṣe lè kọ́ ajá kí ó máa wá nígbàkígbà tí a bá pè é

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin alájá. A ní akọ ajá kan nílé tí ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Alsatian sì ni bàbá rẹ̀. Tanímọ̀la ni a sọ ọ́. Nínú ilé, kíákíá ni ó ń dé bí a bá pè é, ṣùgbọ́n bí géètì bá ti ṣí, tí ó sì ti gbé ẹsẹ̀ sí títì, àfi bí ẹni pé kò gbọ́ orúkọ náà rí. Yóò bojú wẹ̀yìn wò wá lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́kadà ń sáré kọjá níwájú ilé wa, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ ni pé kí a máa nà án nígbà tí ó bá padà dé, kí ó lè mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò dára. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ṣe sí tiyín?

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, inú mi dùn pé ọkàn yín kò gbà á, nítorí pé nínà yẹn gan-an ni yóò ba ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù jẹ́. Ajá kì í so ìyà pọ̀ mọ́ ohun tí ó ti ṣe tán. Ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìyà náà bá a ni ó ń so ó mọ́. Bí ó bá sáré káàkiri àdúgbò, tí ó wá padà sọ́dọ̀ yín, tí ẹ sì nà án, lójú tirẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó sá jáde ni ẹ ṣe nà án, nítorí pé ó dé ni. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá tún pè é, yóò dúró sí òkèèrè, yóò dẹ etí rẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì máa wo ọwọ́ yín bóyá igi wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn á ní olóríkunkun ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: kí ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e bí ẹ bá pè é tí ó sì wá? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ń tọ́jú ajá, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó máa ń tú àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ń pe ajá láti wẹ̀ ẹ́, láti fún un lóògùn aràn, láti so ó mọ́ ṣéènì nítorí pé àlejò dé, láti tì í mọ́lé nígbà tí eré ń dùn mọ́ ọn. Bí ọ̀pọ̀ ìpè bá ti ń parí sí ṣéènì, ajá tó gbọ́n ni yóò kọ̀ tí kò ní wá. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ so ó, ẹ má pè é. Ẹ rìn lọ bá a níbi tí ó wà, kí ẹ sì mú un ní ẹ̀sọ̀.

Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ni ó kíyè sí i pé itọ́ ajá máa ń dà kí oúnjẹ tó dé rárá, bí ajá náà bá ti gbọ́ ìró tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ohun kan náà ni a ń wá níhìn-ín. Ìpè ni kí ó ṣáájú, kí ajá dé, kí èrè sì tẹ ẹnu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ na ẹran sí i kí ẹ tó pè é, ẹran ni ó ń tẹ̀lé, ìpè yín kò já mọ́ nǹkan kan fún un.

Olùtọ́jú Ajá, Ìkòròdú

Mo fara mọ́ ohun tí Dókítà sọ pátápátá. Iṣẹ́ kíkọ́ ajá ni mo ń ṣe, n ó sì ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ajá ọmọ ọdún kan kò tíì dàgbà ju ẹ̀kọ́ lọ. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà títí dé oṣù méjìdínlógún, ọ̀pọ̀ ajá tí ó ń gbọ́ràn nígbà tí ó kéré ni yóò dà bí ẹni tí ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ alájá máa ń sọ̀rètí nù, tí wọn yóò so ajá mọ́lẹ̀ títí ayé rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí nítorí pé sùúrù oṣù díẹ̀ péré ni ó kù.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tuntun. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni gbogbo ilé ń pe orúkọ Tanímọ̀la: wọ́n ń fi lé e kúrò ní ilé ìdáná, wọ́n ń fi bá a wí pé kí ó dákẹ́, wọ́n tún ń fi pè é. Ẹ jẹ́ kí orúkọ máa jẹ́ orúkọ, kí wíwá sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí a kì í lò fún ohun mìíràn. Bí ẹ bá ti ń sọ “Wá!” tipẹ́ tí kò sì jẹ́ ẹ mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi máa ń lo “Délé!”, àyàfi nínú ilé tí ẹnìkan bá ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó ń dún geere, ó sì ṣòro fún ènìyàn láti fi ìbínú sọ ọ́.

Oúnjẹ ni ó kàn. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí ó máa ń jẹ lójoojúmọ́ kò lè fà á kúrò lójú títì. Ẹ wá ohun tí kì í rí nígbà gbogbo: iwe adìẹ tí a bọ̀ láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i, ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kí ó lè gbé e mì kíá kí ó sì tún máa retí òmíràn. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, egungun adìẹ tí a ti sè sì máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú, nítorí náà ẹ má fi méjèèjì dánrawò. Ẹ ṣe ẹ̀kọ́ náà kí ó tó jẹun, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú yàrá tí kò sí ariwo, nígbà tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ sọ pé “Délé!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fún un ní ẹran. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún ṣe é. Ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ ó rí i níjọ́ kan tí ó ń gbóòórùn ìdí ìkòkò, tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà, tí ọrùn rẹ̀ yóò yí padà kí ìyókù ara rẹ̀ tó yí, bí ẹni pé okùn kan ni ó fa imú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti rí ọrùn yẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí i: láti inú yàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí ẹ bá pè é, ẹ má dúró kí ẹ máa wò ó ní ojú kòrókòró. Ẹ yíjú sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn, tàbí kí ẹ lóṣòó. Ajá máa ń fẹ́ lé ohun tí ó ń sá lọ, ó sì máa ń yẹra fún ohun tí ó dúró gbọnyin lé e lórí. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń pe ajá lẹ́ẹ̀marùn-ún ń kọ́ ọ pé ìpè mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í ṣe tòótọ́. Bí kò bá wá, ibi tí ẹ ti pè é ti jìnnà jù tàbí kí ohun tí ó ń wò lágbára jù, nítorí náà ẹ sún mọ́ ọn, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ sá díẹ̀, kí ó lè wá. Nígbà tí ó bá kàn, ẹ pè é láti itòsí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i. Nígbà tí ajá bá dé, kí ẹ tó fi ẹran sí i lẹ́nu, ẹ fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì fún un. Ajá tí a kò kọ́ ní èyí yóò wá títí dé ibi tí ọwọ́ kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, yóò já ẹran gbà, yóò sì fò sẹ́yìn. Wíwá tí ènìyàn kò lè di ajá mú lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀kadà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í mú, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kí ó máa lọ ṣeré rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé púpọ̀ nínú ìpè yín kò fòpin sí ìgbádùn.

Nígbà tí ẹ bá máa kúrò nínú ọgbà, ẹ lo okùn gígùn. Okùn ọ̀rá tí kò wúwo, tí ó tó mítà márùn-ún sí mẹ́wàá, ni mo máa ń lò. Bẹ́líìtì àyà ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ti ọrùn, kí ó má bàa pa ọrùn rẹ̀ lára bí ó bá sáré dé òpin okùn. Ẹ má fi okùn náà yí ọwọ́ yín ká láéláé, nítorí pé ajá tó tóbi lè fọ́ ìka ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó máa wọ́ nílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ó bá pọn dandan. Iṣẹ́ okùn náà kì í ṣe láti wọ́ ajá wá. Ó wà kí ajá má baà rí àyè láti kọ ìpè kí ó sì jèrè kíkọ̀ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù kí ọ̀kadà tó pọ̀, ní pápá tí kò sí ènìyàn. Ibi tuntun kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sún mọ́ ajá kí ẹ tó pè é, kí ẹran sì pọ̀.

Ọmọ Ọdẹ, Ṣakí

Ọdẹ ni bàbá mi àgbà, inú ilé tí ajá pọ̀ sí ni a sì ti tọ́ mi dàgbà. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà bá ènìyàn tí ó kọ ìmọ̀ràn mu, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ajá gan-an, ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ kì í di ẹ̀bi lé ajá lórí. Láti ìgbà tí ó bá ti wà lọ́mọ ni wọ́n ti ń súfèé kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, irú súfèé kan náà lójoojúmọ́. Bí ó bá dàgbà tó láti wọ igbó, ẹ̀gbẹ́ àgbà ajá tí ó ti mọ ìpè ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ó wà, kí ó lè máa bá a sáré padà. Bí ẹran bá sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gé tirẹ̀ fún un, wọn kì í sún un di ìgbà tí wọ́n bá délé.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbìyànjú súfèé tàbí fèrè ni pé ohùn ènìyàn máa ń yí padà. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba Ìyá Ìbejì lẹ́nu géètì, ohùn tí yóò fi sọ “Délé!” kì í ṣe ohùn tí ó fi kọ́ ọ nínú yàrá, ajá á sì mọ̀ ọ́n. Fèrè kì í bínú, ọ̀kan náà ni ó jẹ́ lẹ́nu ọmọdé àti àgbà, ó sì ń dún kọjá ariwo. Ẹ má wulẹ̀ náwó sí irú èyí tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Fèrè oníke lásán dára jù, nítorí pé ẹ̀yin náà á lè gbọ́ bóyá ẹ fọn ọ́n bí ẹ ṣe máa ń fọn ọ́n.

Ní ti orúkọ, a máa ń fi orúkọ ajá pàṣamọ̀ fún aládùúgbò, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gé Tanímọ̀la kúrú sí Tàní fún ajá náà fúnra rẹ̀.

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Níhìn-ín, àwa tí a ní ajá máa ń tú u sílẹ̀ ní páàkì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ní 2011, fídíò kan tàn ká gbogbo ayé, nínú èyí tí ajá kan tí ń jẹ́ Fenton ti ń lé agbo àgbọ̀nrín ní Richmond Park, tí ọkùnrin kan sì ń sáré tẹ̀lé e, tí ó ń kígbe orúkọ rẹ̀ léraléra. Àwọn àgbọ̀nrín náà sáré gba ojú ọ̀nà ọkọ̀ kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo alájá rí nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ajá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹran, ìpè kò wọ etí rẹ̀ mọ́, gbogbo ìgbà tí a bá sì pè é lásìkò yẹn ni ìpè náà ń dín kù lágbára. Ẹ fi ojú sí ohun tí ó ń ṣáájú eré: ajá á dúró lójijì, etí á nà síwájú, ẹnu tí ó yà á pa dé, ìrù á dúró gbọnyin. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn ni kí ẹ pè é. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì lọ mú okùn.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, òfin kan wà láti 1953 tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún alájá bí ajá rẹ̀ bá ń dààmú àgùntàn ní oko, àgbẹ̀ sì lè yìnbọn pa ajá náà nígbà mìíràn láìjẹ̀bi. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sáré lọ ra bẹ́líìtì oníná tí ń gbé ajá jìgì láti òkèèrè. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lò ó. Wales, tí ó wà lára orílẹ̀-èdè yìí, ti fi òfin de lílò rẹ̀ láti 2010. Ajá tí iná gbé jìgì nígbà tí ó ń wo ọmọdé lè gbà pé ọmọdé náà ni ó ta òun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ọmọdé.

Ibi kan ṣoṣo ni èmi àti Olùtọ́jú Ajá ti yàtọ̀: kì í ṣe gbogbo ajá ni oúnjẹ ń fà. Tèmi kì í ka ẹran sí níta, ṣùgbọ́n bí ó bá rí i pé mo mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò sí ohun tí ó lè dá a dúró. Ẹ wo ohun tí Tanímọ̀la fẹ́ràn jù, kí ẹ fi san án.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku ìbéèrè mẹ́ta. Àwọn ìbejì máa ń pè é láti fi ṣeré ní àìmọye ìgbà, kí ni kí n ṣe sí wọn? Mègáàdì wa náà ń kọ́, báwo ni n ó ṣe mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Àti pé ṣé títí ayé ni n ó máa gbé ẹran sínú àpò ni?

Olùtọ́jú Ajá, Ìkòròdú

Ẹ má lé àwọn ìbejì kúrò níbẹ̀, ẹ fún wọn níṣẹ́. Kí ọ̀kan dúró sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kí èkejì dúró sí òpin kejì, kí àgbàlagbà kan wà láàárín, kí wọ́n máa pè é ní kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ajá kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò pè, kí ẹran wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara ajá ṣì ń yá. Lẹ́yìn eré yìí, ẹ fi òté lé ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí kò bá ní nǹkan lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sọ “Délé!”.

Ti mègáàdì yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ géètì kì í ṣe ẹ̀kọ́ wíwá. Kí ó máa ní àgolo ẹran kékeré lọ́dọ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣí géètì, kí ó jẹ́ kí ajá kọ́kọ́ jókòó. Kí ó ṣí géètì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì ti di okùn ajá mú. Bí ajá bá dìde, kí ó tún ti géètì náà pa. Ajá tí ó ti mọ̀ pé jíjókòó ni ó ń ṣí géètì kò ní máa sáré gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ẹ kò sì ní nílò láti máa pè é ní gbogbo ìgbà.

Ẹ má dá èrè dúró pátápátá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá ti múlẹ̀, ẹ lè máa fún un lẹ́ran nígbà kan, kí ẹ yìn ín nígbà mìíràn, kí ẹ jù bọ́ọ̀lù fún un nígbà mìíràn, kí ó má lè mọ èyí tí ó kàn. Ṣùgbọ́n tí títì yàtọ̀: ìgbàkígbà tí ó bá kúrò lójú títì wá bá yín, ohun tí ó dára jù lọ ni kí ó rí.

Bí ó bá sì bọ́ síta kí ẹ̀kọ́ tó parí, ẹ má sáré lé e, eré ni yóò kà á sí. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ sá padà sí ìhà ilé, kí ẹ mi àgolo oúnjẹ rẹ̀. Mo ti rí ajá tí gbogbo òpópónà kò lè mú, tí ó sì wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu géètì tí ó sì ń yẹ ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ wò bí ẹni tí ó rí nǹkan níbẹ̀.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

N ó fi ti ìlera kún un. Bí ajá tí ó ti ń gbọ́ràn bá ṣàdédé dẹ́kun, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò bóyá ó ń rùn tàbí ó ń ṣomi, ẹ sì gbé e wá fún àyẹ̀wò. Akọ ajá tí ó bá gbóòórùn abo tí ń wá akọ lè rìn jìnnà, ìpè kò sì ní dá a dúró. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi í bímọ, títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá máa ń dín rírìn kiri kù nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń yin báńgà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìpè rárá. Ẹ tì í sínú yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé ajá tí ìró bá lé kò mọ ilé olówó rẹ̀ mọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò gbọdọ̀ wọ́n fún ajá tí ó ń já síta. Ajá ni ó ń kó àrùn náà ran èyí tí ó tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn tí ó ń kó o. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ajá máa ń jẹ́ kí ó tó gba àkọ́kọ́, a ó sì tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Kí ẹ sì fín nọ́ńbà fóònù yín sára irin pẹlẹbẹ kan, kí ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ lónìí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan.